Ère, Ilé àti Ààyè: Ẹ Ṣí Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Tí Ó Dákẹ́ ní Ìkejà àti Agége

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, n kò sì ní fi òwe bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti tì pa ní Ìkejà àti Agége yọ̀ǹda díẹ̀ nínú wọn fún àwọn oníṣọ̀nà tí ń ṣe ère, kí ará àdúgbò sì máa wọlé wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé bí àwọn mìíràn bá ka ibi tí mo dé yìí, wọn yóò ní, "Ère kẹ̀? Nígbà tí ebi ń pa ará ìlú?" Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ìpìlẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ irú ère tí mo ní lọ́kàn. Kì í ṣe ère tí a gbé ka orí òkúta, tí a kọ orúkọ akọni sí lábẹ́. Èyí tí mo ń wí ni irú èyí tí oníṣọ̀nà máa ń fi ilé fúnra rẹ̀ ṣe: ògiri, òrùlé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àti àlàfo tí ó wà láàárín wọn. A kì í dúró lókèèrè wo irú ère bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni à ń wọ̀. Ó lè jẹ́ irin tí wọ́n fi kọ́ láti òkè àjà wá sílẹ̀. Ó lè jẹ́ àpò tí wọ́n fi bo ilé láti orí dé ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ yàrá tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju ohùn àti ìmọ́lẹ̀ lọ. Nítorí pé gbígbé tí a gbé e kalẹ̀ sí ojú kan pàtó ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó jẹ́, "ọnà àgbékalẹ̀" ni èmi yóò máa pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá sí ìpàdé. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa kúkú ni.

Àwọn kan ti sọ ọ́ níṣojú mi pé àṣà àtọ̀húnrìnwá ni ọnà àgbékalẹ̀, pé àwọn òyìnbó tí ó yó ni ó ń ṣe é. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ara ilé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère ilẹ̀ wa ń gbé? Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní ọdún 1938. Ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Nínú ọ̀kan lára àwọn òpó náà, ọba jókòó, ayaba sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ayaba yìí ga ju ọba lọ fíìfíì, òun gan-an ni ó sì ru òrùlé. Ẹni tí ó bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà yóò mọ ẹni tí ó gbé ọba ró, kò dìgbà tí a bá là á yé e.

Níbo ni òpó náà wà báyìí? Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilẹ̀kùn kan láti ààfin yẹn kan náà ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ọdún 1924, ibẹ̀ ni ó sì gbà dé British Museum. N kò sọ pé ẹwà wọn dín. Ṣùgbọ́n òpó tí ó wà ní Chicago kò ru òrùlé kankan mọ́, ilẹ̀kùn tí ó wà ní London kò sì ṣí sí yàrá ẹnikẹ́ni. Ìdajì iṣẹ́ ọnà náà ni wọ́n rí kó lọ. Ìdajì kejì ni ààyè tí a gbẹ́ ẹ fún, èyí kò sì ṣeé dì sínú àpótí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni mo ń sọ, kí ó dé Òṣogbo. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kí ó tó di ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà. Sìmẹ́ǹtì tí ó ń fi kọ́lé ni ó wá ń fi ya ènìyàn, ẹranko àti òrìṣà sára ògiri. Òun àti àwọn mìíràn ni wọ́n bá Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ṣiṣẹ́ ní Igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ẹni tí ó bá wọ igbó náà, kí ó fi ọwọ́ tọ́ ibi tí ilé parí sí àti ibi tí ère ti bẹ̀rẹ̀ hàn mí. Kò lè rí i. Nítorí náà, bí a bá sọ pé kí ère àti ilé padà gbé pọ̀, àṣà wa ni a ń pè padà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á bọ́ sí Ìkejà. Ojú irin tí ó gba Ìkejà àti Agége kọjá ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Obì ni a fi mọ Agége nígbà náà, kí búrẹ́dì tó gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n yọ ìlú Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1954, tí ó di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, Ìkejà ṣì jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rí i pé ibẹ̀ súnmọ́ èbúté, ó súnmọ́ ojú irin, ó súnmọ́ pápákọ̀ òfurufú; wọ́n bá ya ilẹ̀ ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́. Ní ọdún 1962, Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aṣọ dé, ti táyà dé, ti ọṣẹ, ti ṣokoléètì, ti irin àti ti ike náà dé. Láti Ọba Akran títí dé Àgídìngbí, láti Ọ̀gbà títí dé Ìlúpéjú, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ọ̀yọ́ àti àwọn ará ilẹ̀ mìíràn wá ń fi òógùn ojú wọn gba owó oṣù.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó kú. Ẹ̀rọ ṣì ń dún ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dákẹ́ kò kéré. Ní ọdún 2008, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkejà. Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ńláńlá tí Èkó fi ń yangàn ti kógbá sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kúkú mọ ohun tí ó pa wọ́n: iná tí kì í dúró, owó dísù tí ń ga sí i, ọjà òkèèrè tí ó gbòde. Àwọn ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Òmíràn di ilé ìkẹ́rùsí, òmíràn di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn di gbọ̀ngàn àpèjẹ. Àwọn kan sì wà tí kò di ohunkóhun. Géètì wọn ti dógùn-ún, koríko ti bo ojúde wọn, mẹ́gádì kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ń ṣọ́ òfìfo.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Àbúrò bàbá mi ṣe iṣẹ́ ọdún 19 ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, èyí tí n kò ní dárúkọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìwé ni wọ́n bá lára géètì. Owó ìfẹ̀yìntì tí ó yẹ kí ó gbà kò pé títí di òní. Síbẹ̀, bí a bá bi í léèrè nípa ibẹ̀, kì í fi ti owó ṣáájú. Yàrá iṣẹ́ ni ó máa ń sọ. Yóò sọ bí òrùlé rẹ̀ ṣe ṣe wágunwàgun bí eyín ayùn, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé oòrùn ń ta ẹnikẹ́ni. Yóò sọ bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tí yóò fi mọ̀ láìbojúwẹ̀yìn pé ẹ̀rọ kẹta ti ń ṣe ségesège. Ó ní nígbà tí wọ́n pa àwọn ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, òun ké sí ẹnìkejì òun, ohùn òun sì lọ kan ògiri, ó padà wá bá òun. "Ọmọ mi," ni ó wí, "n kò mọ̀ pé ilé yẹn tóbi tó bẹ́ẹ̀."

Ẹ gbọ́ bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Òyìnbó kankan kò kọ́ ọ ní ìmọ̀ ilé kíkọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó pè é ní oníṣọ̀nà. Ṣùgbọ́n òye ààyè, ìró, ìmọ́lẹ̀ àti ìwọ̀n tí ó wà lórí rẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ọnà àgbékalẹ̀ ń wá kiri. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Agége, ní Ìju, ní Ọ̀gbà, wọ́n sì ń darúgbó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wó ilé náà, tí àgbà náà bá sì lọ, ohun méjì ni yóò ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹnìkan lè sọ pé Ìkejà kò ṣàìní ère. Òótọ́ ni. Ní ọdún 2016, wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn ère afẹ́fẹ́ Yinka Shonibare sí Ndubuisi Kanu Park ní Ìkejà. Ó ga tó mítà 6, ó rí bí aṣọ àǹkárá tí atẹ́gùn gbé sókè, tí kò sì padà balẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2017, wọ́n ṣí ère tí Abolore Sobayo ṣe ní ìrántí Fẹlá ní oríta Allen. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò Fẹlá ni ó yọ, kò ní orí, kò ní ọwọ́. Ariwo ta. Àwọn kan ní àbùkù ni, àwọn kan ní ọgbọ́n ni. Inú mi dùn sí ariwo náà, nítorí pé ó fi hàn pé ará Ìkejà kì í wo ère bí ẹni wo igi lásán. Ohun tí ó dùn mí ni pé ráńdábáòtù ni wọ́n gbé e sí. Ta ni ó lè dúró láàárín mọ́tò kí ó wo ère dáadáa? Ojú fèrèsé dánfó ni ọ̀pọ̀ ti rí i, kí iná pupa tó di ewé. Ère tí ó wà láàárín mọ́tò ń ṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò gba àlejò.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ká mi lára jù. El Anatsui, ọmọ Ghana tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nsukka ní ọdún 1975, ni ó ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdérí ìgò ọtí ṣe ère. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi okùn bàbà so wọ́n pọ̀ títí tí wọn yóò fi di nǹkan tí ó dàbí aṣọ òkè, tí ó sì lè bo ara ilé odindi. Láti ọdún 2023 wọ ọdún 2024, ère rẹ̀ kan rọ̀ láti òkè wá sílẹ̀ ní Tate Modern ní London, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì lọ wò ó. Kí ni Tate Modern jẹ́ tẹ́lẹ̀? Ilé tí wọ́n ti ń pèsè iná mànàmáná ni. Wọ́n tì í ní ọdún 1981. Ní ọdún 2000 wọ́n ṣí i fún iṣẹ́ ọnà. Yàrá tí àwọn ẹ̀rọ ńlá wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni ère náà rọ̀ sí. Ẹ ro ó wò: ìdérí ìgò wa ni, ilẹ̀ wa ni ọgbọ́n náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀rọ tí ó kú ní London ni ó rí gbà á. Àwa náà ní ilé ẹ̀rọ tí ó kú. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ṣí tiwọn, a ti tiwa.

Kì í sì í ṣe pé kò ṣeé ṣe nílẹ̀ wa. Nígbà tí Lagos Biennial, ìpàtẹ ọnà ọlọ́dún méjì-méjì, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, ògbólógbòó ọgbà ọkọ̀ ojú irin ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ni wọ́n lò. Ní ọdún 2019, Independence House ni, ilé alájà 25 tí wọ́n kọ́ ní àsìkò òmìnira. Ní ọdún 2024, Tafawa Balewa Square ni. Ẹ kíyè sí i pé ilé tí ó ní ìtàn ni wọ́n ń yàn, ilé náà a sì máa bá ère sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún kíyè sí i pé kò tíì kọjá Ẹ̀búté-Mẹ́ta wá sí òkè ọ̀hún. Ojú irin kan náà ni ó lọ sí Agége!

Ní Ghana, Ibrahim Mahama, ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 1987, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò tí wọ́n fi kó kòkó àti èédú ni ó máa ń rán pọ̀ fi bo ilé ńláńlá. Nígbà tí owó wọlé fún un, ìlú rẹ̀, Tamale, ni ó kó o lọ. Ó ṣí ilé iṣẹ́ ọnà síbẹ̀ ní ọdún 2019. Ó ra ilé ìkó-ọkà onísìmẹ́ǹtì tí wọ́n pa tì láti ayé Nkrumah, ó sì sọ ọ́ di ibi ìpàtẹ. Ó gbé ògbólógbòó ọkọ̀ òfurufú wá síbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń jókòó kẹ́kọ̀ọ́ nínú wọn. Tamale kò lówó tó Èkó. Ẹnìkan ni ó kàn pinnu pé ahoro kì í ṣe ìtìjú.

Mo ti wá dé orí àwọn tí yóò ta kò mí. Èkíní yóò ní iṣẹ́ ni ará ìlú ń fẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, bí ilé-iṣẹ́ kan bá sì rí ẹni tí yóò tún un dá sílẹ̀, kí oníṣọ̀nà kó ẹrù rẹ̀ jáde ní ọjọ́ náà, èmi ni n ó bá a rù ú. Ṣùgbọ́n ilé tí a tì pa kò fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ère irin kò sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó ara rẹ̀ pọ̀. Ó ń fẹ́ wẹ́dà, ó ń fẹ́ kápẹ́ńtà, ó ń fẹ́ oníná, ó ń fẹ́ ẹni tí ń ta irin àlòkù. Irin àlòkù ni Olu Amoda, tí ó ṣe olùkọ́ ní Yaba Tech, ń jó pọ̀, tí ó fi wà lára àwọn méjì tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní ìpàtẹ Dakar ní ọdún 2014. Àwọn wẹ́dà tí ó mọ irin jó wà ní gbogbo òpópónà Agége, géètì àti irin ojú fèrèsé nìkan ni a ń bẹ̀ wọ́n ní.

Èkejì yóò ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gba púpọ̀ nínú àwọn ilé náà, ṣé ìjà ni mo fẹ́ dá sílẹ̀ ni? Rárá o. Ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣẹ̀ mí. Bí a bá sọ òótọ́, àwọn ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé yàrá ẹ̀rọ lè gba ẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, kí ọkàn wọn sì gbéra sókè. Àwọn ilé tí kò ní ẹni tí ń lò wọ́n ni mo ń bèèrè.

Ẹ̀kẹta yóò ní ewu ń bẹ nínú ògbólógbòó ilé. Ọ̀rọ̀ gidi nìyí. Kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kọ́kọ́ yẹ òpó àti òrùlé wò, kí wọ́n sì ti ibi tí kò bá dára. Bí aláìrílégbé bá ń sùn níbẹ̀, kí a wá ibi tí yóò fi orí lé kí a tó gbé ère wọlé. Ọnà tí ó bá lé ènìyàn sí òjò kò yẹ ní ohun tí à ń fi yangàn.

Kí ni kí á wá ṣe? Àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Àkọ́kọ́, kí ìjọba dín owó ilẹ̀ kù fún ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣófo fún ọdún méjì péré. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan ní ẹ̀bá ojú irin, kí ará Agége lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Èkejì, kí àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí jẹ́ àwọn tí yóò máa mú àlejò kiri, kí a sì máa sanwó fún wọn. Ẹ̀kẹta kan àwa tí à ń kọ́ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí á gbé ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí á gba orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀rọ, orin tí wọ́n fi ń lé oorun lọ lóru, àti àpèjẹ́ tí wọ́n fún ọ̀gá tí ó rorò sílẹ̀. Nígbà tí ère bá sì wọlé, kí a fi Yorùbá kọ àlàyé rẹ̀ sára ògiri, kí ìyá tí ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì lè kà á, kí ó sì sọ bóyá ó dára tàbí kò dára.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Kò sí ẹni tí ó rò pé iná ni ó bu ẹwà kún un. Àwọn tí ó dìde tún un kọ́ ni. Èmi ti sọ tèmi. Ó kù sí ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.